Ìlà títẹ̀ tó ṣáájú nóòtì nínú LilyPond: ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń fi LilyPond, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tẹ nóòtì orin, tẹ orin kan tí ọ̀gá akọrin wa àtijọ́ fọwọ́ kọ. Níbi tí ohùn ọ̀rọ̀ bá ti ń gòkè, ó fa ìlà títẹ̀ láti ìsàlẹ̀ wá bá orí nóòtì, láìsí nóòtì kankan níbẹ̀rẹ̀ ìlà náà. Òun ló ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ orin náà yéni, nítorí náà mi ò ní yọ ọ́.

Ẹ̀yìn nóòtì ni àṣẹ \bendAfter ń fa ìlà tirẹ̀ sí. Mo wá lo \grace (nóòtì kékeré tó ṣáájú nóòtì gan-an) tí mo fi \hideNotes pa mọ́, pẹ̀lú \glissando (ìlà láti nóòtì kan dé èkejì). Ìlà jáde lóòótọ́, àmọ́ ó lọ tààrà.

Báwo ni mo ṣe lè mú kó tẹ̀, kó sì máa bá nóòtì rẹ̀ rìn bí ààyè bá yí padà?