Ẹ̀bùn kọ́, ìrànwọ́ kọ́: kí la ó pe owó tí ìjọba fi ń ti ìkọ́lé lẹ́yìn?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi,

Ẹ kú iṣẹ́ èdè o. Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ láti ọjọ́ Ajé lórí bí a ṣe máa túmọ̀ "affordable housing grant", owó tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fún àwọn tó ń kọ́ ilé tí owó rẹ̀ kò ní ga jù. Fún ẹni tí kò bá wa bẹ̀rẹ̀: ẹ̀gbọ́n wa tó wà n'Ìbàdàn ní ká pè é ní "ẹ̀bùn owó fún ilé olówó pọ́ọ́kú", àbúrò wa tó ń kọ́ni ní Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù ní "owó ìrànwọ́ fún ilé àrọ́wọ́tó" ló dáa jù. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Àbúrò mi, má fi ṣèbínú: mi ò fara mọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì. Kì í ṣe pé Yorùbá inú wọn kò dùn. Dídùn tí wọ́n dùn gan-an ló ń kó wa sí wàhálà.

Ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tójú mi rí. Ní bí ọdún méjì sẹ́yìn, wọ́n gbé ìwé pélébé kan fún mi pé kí n túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn ayálégbé ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́ síbẹ̀ pé "ìjọba ń fúnni ní ẹ̀bùn owó láti kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú". Ìwé jáde. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, màmá àgbàlagbà kan fà mí sí kọ̀rọ̀: "Ọmọ mi, níbo ni wọ́n ti ń gba fọ́ọ̀mù ẹ̀bùn yẹn? Mo ní pulọ́ọ̀tì kan n'Ìkòròdú, ìpìlẹ̀ rẹ̀ nìkan ni agbára mi ṣì gbé."

N kò lè rẹ́rìn-ín. Màmá ka Yorùbá mi bó ṣe yẹ kí ọmọ Yorùbá kà á. Ẹni tá a bá fún lẹ́bùn, á gbà á, á dúpẹ́, ọ̀rọ̀ tán. Èmi ni mo purọ́ fún wọn láìmọ̀.

Owó tí à ń sọ yìí kì í dé ọwọ́ ẹni tó máa gbé inú ilé náà rárá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ Homes England ló ń pín in; ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ́fíìsì Méyọ̀ ni. Àwọn káńsù àti àwọn housing association, ìyẹn ẹgbẹ́ tó ń kọ́ ilé fún ayálégbé láìwá èrè, ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gbà á. Kì í sì í kárí gbogbo ìnáwó ilé. Àlàfo ló ń dí: ìyókù, wọ́n á lọ yá a, wọ́n á wá máa fi owó ilé tí ayálégbé ń san dá gbèsè náà padà díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í kó owó náà lé wọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á fún wọn díẹ̀ lórí ilẹ̀, díẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, ìyókù dìgbà tí ilé bá parí. Tí wọ́n bá wá ta ilé náà lọ́jọ́ iwájú ńkọ́? Owó ìjọba tó wà nínú rẹ̀ kò bá ilé lọ. Ẹgbẹ́ tó gbà á gbọ́dọ̀ yà á sọ́tọ̀ kí wọ́n lè fi kọ́ òmíràn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n dá a padà. Èyí jọ ewúrẹ́ tí wọ́n ní kí o bá àwọn sìn ju ewúrẹ́ tí wọ́n fi ta ọ́ lọ́rẹ lọ.

"Ẹ̀yáwó" náà kọ́, torí kò sí èlé, kò sí ọjọ́ ìdápadà tí ilé bá ṣì ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ kọ́ ọ.

"Ìrànwọ́" sún mọ́ ọn díẹ̀. Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, tí ẹ bá gbọ́ "owó ìrànwọ́", kí ló kọ́kọ́ wá sí yín lọ́kàn? Epo bẹntiróòlù ni! Láti 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ta ló tún ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn tí inú rẹ̀ kì í bàjẹ́? Àbúrò mi lè sọ pé ìyẹn ò kan ìtumọ̀. Ó kàn án, torí iṣẹ́ méjèèjì yàtọ̀, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn sì ti ṣe oríṣi méjèèjì. Òfin tí wọ́n ń pè ní Wheatley, ọdún 1924, ní kí ìjọba máa san £9 lórí ilé kọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún fún 40 ọdún, kí owó ilé má bàa ga jù fún òṣìṣẹ́. Ìyẹn ni ìrànwọ́: ó ń bá ilé rìn lọ́dọọdún, bíi ti orí jálá epo. Òfin ọdún 1974 ló wá dá Housing Association Grant sílẹ̀: owó gọbọi kan tí wọ́n fi ti ìnáwó ìkọ́lé fúnra rẹ̀ lẹ́yìn. Tá a bá pe méjèèjì ní ìrànwọ́, kí la ó kọ lọ́jọ́ tí ìwé kan bá fi wọ́n wé ara wọn?

Ohun tí mo wá gbé síwájú yín ni "owó àfúnkọ́lé". Bá a ṣe ní àfọwọ́kọ àti àjọṣe, bẹ́ẹ̀ náà la lè ní àfúnkọ́lé: wọ́n fún un, ilé ló sì gbọ́dọ̀ fi kọ́, kò gbọdọ̀ fi ṣe nǹkan mìíràn. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní "fún" yìí náà la fi ń fún ọsàn, pé ó lè jọ owó tí wọ́n ti fún omi ara rẹ̀ tán. Ẹni tó bá ti bá wọn kọ ìwé ìbéèrè owó náà rí á ní kò burú bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì, "affordable", ló le. "Olówó pọ́ọ́kú" ń sọ nípa ọjà, pé iye tí wọ́n dá lé e kéré. "Àrọ́wọ́tó" ń sọ nípa ẹni tó ń bọ̀ wá rà á, pé ọwọ́ rẹ̀ tó o. "Affordable" Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe bí ẹni pé ìkejì lòun ń wí, bẹ́ẹ̀ iye ọjà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Lọ́dún 2011 ni wọ́n dá oríṣi kan sílẹ̀ tí wọ́n sọ ní Affordable Rent: owó ilé tó lè ga dé ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún iye tó ń lọ ládùúgbò. Ká ní ilé oníyàrá méjì ń lọ ní £2,000 lóṣù, £1,600 nìyẹn. Àrọ́wọ́tó ta ni? Ti awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ní ọmọ mẹ́ta? Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ. Kò sí bá a ṣe lè pe pẹpẹ náà ní àrọ́wọ́tó tí ọwọ́ ọmọ á fi gùn sí i.

Ẹ wá wo èkejì rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní social rent. Ìṣirò tiẹ̀ yàtọ̀ pátápátá: iye tí ilé náà tó lóṣù Kìíní ọdún 1999, owó tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbà lágbègbè náà, àti iye yàrá tó wà nínú ilé. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò Lọ́ńdọ̀nù, kì í tó ìdajì iye ọjà. Síbẹ̀, abẹ́ orúkọ kan náà ni wọ́n kó méjèèjì sí. Bí mo bá kọ "ilé àrọ́wọ́tó" fún gbogbo wọn, mo ti bá ìjọba fọwọ́ sí ohun tí ayálégbé ní Peckham, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Yorùbá kì í tilẹ̀ sábà sọ pé ọwọ́ òun ò tó owó ilé. "Apá mi ò ká a" là ń wí. Ọwọ́ lè tó nǹkan kí apá má ká a: ọwọ́ mi tó àpò sìmẹ́ńtì tó wà nílẹ̀ yẹn, gbígbé e ló kù. Ẹni tó rí owó àsansílẹ̀ kó jọ, ọwọ́ rẹ̀ tó ilé. Tó bá di oṣù kẹfà la ó mọ̀ bóyá apá rẹ̀ ká a.

Torí náà, èrò mi nìyí. Orúkọ tó kó gbogbo wọn pọ̀, ká pè é ní "ilé ẹ̀dínwó". Gbogbo èèyàn mọ ẹ̀dínwó láti ọjà: wọ́n dín in kù, bóyá o lè rà á tàbí o ò lè rà á jẹ́ tìẹ. Kò ṣèlérí kankan. "Owó ilé apá-ká", ká tọ́jú ìyẹn fún èyí tí wọ́n bá fi owó tó ń wọlé fún èèyàn wọ̀n, bíi London Living Rent tí Sadiq Khan, Méyọ̀ Lọ́ńdọ̀nù, gbé kalẹ̀, tó jẹ́ pé ìdá kan nínú mẹ́ta owó tí agboolé ń rí ládùúgbò ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀.

Àbúrò mi, o béèrè pé ṣé kò sí ọ̀rọ̀ tó ti wà lẹ́nu àwọn èèyàn tẹ́lẹ̀ ni. Ó wà o: Jákàńdè. Lateef Jakande ṣe gómìnà Èkó láti 1979 sí 1983, tí o bá sì ní "ilé Jákàńdè" lónìí, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ pé kí nìyẹn. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà gan-an. Àmọ́ ìjọba fúnra rẹ̀ ló kọ́ àwọn ilé Jákàńdè, kì í ṣe pé ó fún ẹlòmíràn lówó kọ́ ọ. Ẹ sì lọ béèrè iye tí ilé ń lọ ní Jákàńdè ti Lẹ́kìí báyìí, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi bóyá orúkọ máa ń dáàbò bo iye owó.

Iṣẹ́ ìtumọ̀ kò ní pẹ́ wọlé sí i. Lóṣù Kẹfà ọdún 2025, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde bílíọ̀nù 39 pọ́ùn láti fi ti kíkọ́ irú ilé wọ̀nyí lẹ́yìn fún ọdún 10, wọ́n sì ń fẹ́ kí ó kéré tán ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ilé náà jẹ́ ti social rent. Ẹ wo orúkọ tí wọ́n sọ ètò náà: Social and Affordable Homes Programme. Àwọn fúnra wọn ti ya méjèèjì sọ́tọ̀ báyìí. Ṣé àwa la ó wá dà wọ́n pọ̀?

Mo tún gbólóhùn mi kọ: "Ìjọba yóò fún àwọn káńsù àti ẹgbẹ́ akọ́lé ní owó àfúnkọ́lé, kí wọ́n fi kọ́ ilé ẹ̀dínwó tí ẹ ó lè háyà." Mo kà á fún màmá yẹn lórí fóònù lánàá. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ó yé mi. Wọn ò fún mi ní nǹkan kan."

Èyí tó kù tí mi ò tíì rí ojútùú sí ni shared ownership, níbi tí èèyàn ti ra ìdá kan nínú ilé tó sì ń san owó ilé lórí ìyókù. "Ilé àjọni" ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, àfi bó ṣe ń dún létí mi bí ilé ẹbí tí bàbá fi sílẹ̀ tí gbogbo ọmọ ń bára wọn ṣẹjọ́ lé lórí. Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa dá sí i.