“Akéde ìyípo” ni mo fara mọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Lórí orúkọ Yorùbá tí à ń wá, ọ̀gá tó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi dábàá “afàmì-ìpele” fún sẹ́ńsọ̀ (ohun èlò kékeré tó ń mọ ìgbà tí nǹkan bá kọjá níwájú rẹ̀) tí à ń gbé sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ẹ̀rọ tó ń yí, èyí tó ń fúnni ní àmì kan ṣoṣo ní ìyípo kọ̀ọ̀kan. Ẹ jọ̀ọ́ sà, “ìpele” yẹn ni mi ò lè gbé mì. Ìpele wà lórí ara wọn ni: ìpele ẹ̀kọ́, ìpele iṣẹ́. Ohun tí à ń wá níbí kò lókè, kò nísàlẹ̀. Ibi tí ọ̀pá dé nínú yíyí rẹ̀ ni, láti òdo dé 360 dìgírì, kó tó tún bẹ̀rẹ̀. “Ipò ìyípo” ni mo ń pè é.

Ẹlòmíràn ní ká lo “ìfà”, bíi ti ìbọn. Kò sẹ́ni tó ń fa nǹkan kan níbẹ̀. A lẹ téèpù tó ń dán mọ́ ọ̀pá, tàbí a gbẹ́ kòtò kékeré kan sí i. Bí téèpù tàbí kòtò yẹn bá ti ń kọjá, sẹ́ńsọ̀ á ké, ìyẹn ni pé á fi àmì rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ̀rọ tó ń yí nígbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, mílísẹ́kọ́ǹdù 20 ni ìyípo rẹ̀ kan ń gbà. Bí gbígbọ̀n rẹ̀ bá dé góńgó ní mílísẹ́kọ́ǹdù 5 lẹ́yìn igbe, 90 dìgírì nìyẹn. Ẹni tó fẹ́ so irin kékeré mọ́ ẹ̀rọ kó lè yé gbọ̀n nílò òǹkà yìí kó tó mọ ibi tí yóò so ó mọ́.

Igbe yẹn ló mú mi dé orí “akéde ìyípo”. Nígbà kan, ìyípo 2,960 ní ìṣẹ́jú kan ni òǹkà tó ń jáde fún mi lórí ẹ̀rọ tí mo mọ̀ dájú pé 1,480 ló ń yí. Mo dá a dúró, mo tẹjú mọ́ ọ̀pá: ibì kan tó ti ha ń dán bíi téèpù mi gẹ́lẹ́. Mo ní, “Ó ń kéde lẹ́ẹ̀mejì!” Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ò bèèrè ìtumọ̀, ọ̀dà dúdú tí kò dán ló sáré lọ mú wá. A kùn ún, 1,480 sì jáde.

Wọ́n lè ní èèyàn ni akéde. Ẹ wo “amúlétutù” àti “amóhùnmáwòrán”: ta ló ń wá èèyàn nínú wọn?

Èyí tó ṣì ń dà mí láàmú ni ti kòtò. Ó ní ibi méjì tí sẹ́ńsọ̀ ti lè ké: ibi tó kọ́kọ́ dé iwájú rẹ̀ àti ibi tó kẹ́yìn. Ọ̀kan la gbọ́dọ̀ mú, ká má sì yí i padà, torí bí kòtò bá gba 10 dìgírì lára ọ̀pá, gbogbo òǹkà á fi 10 yẹ̀. “Etí ìwọlé” àti “etí ìjáde” ni mò ń lò tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n “bèbè” ló jọ pé ó bá kòtò mu jù. Ẹ bá mi tọ́ ọ wò lẹ́nu.