Gígun kẹ̀kẹ́ lọ sí ọ̀nà jíjìn nínú ooru: ẹ sọ bí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yín ṣe rí

Ọmọ Abẹ́òkúta tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù:

Kì í ṣe ilẹ̀ tí wọ́n bí ènìyàn sí ni ó ń mú kí ara rẹ̀ gba ooru, bí kò ṣe ibi tí ó ti lo oṣù tí ó kọjá. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí mi sí, kẹ̀kẹ́ ni mo sì fi ń lọ sí ibi iṣẹ́ lójoojúmọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, nítorí náà ẹsẹ̀ mi kì í ṣe ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo pinnu pé n ó gun kẹ̀kẹ́ láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Benin lọ sí Ṣábẹ̀ẹ́ (Savè) ní àríwá rẹ̀ nínú oṣù Kejìlá, mo mọ̀ pé àlejò pátápátá ni ara mi yóò jẹ́ nínú oòrùn ọ̀hún. Ẹni tí ó bá ti kúrò nínú ooru fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ti pàdánù èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí ara rẹ̀ ti kọ́, yóò sì gbà á ní ọjọ́ 7 sí 14 kí ó tó tún un kọ́. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyí ni omi inú ẹ̀jẹ̀ ń pọ̀ sí i, tí òógùn ń tètè jáde, tí iyọ̀ tí ń bá òógùn jáde sì ń dín kù. Kò sí agbára ẹsẹ̀ tí a lè fi fo ìpele yìí kọjá.

Ìdí nìyí tí mo fi gba ọ̀nà ìlà-oòrùn, tí mo sì fi títì ńlá tí ó gba Kútọnú àti Calavi kọjá sílẹ̀. Láti Àjàṣẹ́ sí Sakété jẹ́ nǹkan bí 30 kìlómítà, Pobè kò jìnnà sí Sakété, lẹ́yìn náà ni ènìyàn yóò forí lé Kétu. Àwọn tí ń sọ èdè wa pọ̀ ní gbogbo ìlú wọ̀nyí, débi pé ẹni tí ó bá fẹ́ bèèrè omi tàbí yàrá tí yóò sùn sí kò ní máa wá Faransé kiri nígbà tí ó ti rẹ̀ ẹ́. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ tí mo lè rí ihò ojú títì ni mo ń gbéra, nígbà tí yóò bá sì fi di agogo mẹ́wàá àárọ̀, mo ti jókòó sí abẹ́ igi. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n ń wo àwòrán tí mo ń fi ránṣẹ́ sọ pé ìyá àgbà tí ń lọ sí ọjà yóò yá jù mí lọ, n kò sì bá wọn jiyàn, nítorí pé wọn kò mọ bí oòrùn agogo kan ọ̀sán ṣe ń rí ní Kétu.

Ooru etí òkun àti ti òkè, ìyẹn apá àríwá, kò rí bákan náà, ó sì yẹ kí ẹni tí ń bẹ̀rẹ̀ mọ ìyàtọ̀ rẹ̀. Gbígbẹ òógùn ni ó ń mú ara tutù, kì í ṣe jíjáde rẹ̀. Ní Àjàṣẹ́, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òógùn kàn ń ṣàn sílẹ̀ lásán, tí aṣọ ń lẹ̀ mọ́ ara, tí ara kò sì rí ìtura kankan níbẹ̀. Bí a bá ti kọjá Kétu tí ọyẹ́ sì ti dé, òógùn ń gbẹ kí a tó rí i, ènìyàn á sì máa rò pé òun kò pàdánù omi rárá, bẹ́ẹ̀ ni iyọ̀ funfun ti tò sí etí fìlà rẹ̀. Láti ìlà-oòrùn àríwá ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ojú ni yóò máa kọ lu ẹni tí ń lọ sí òkè. Ó sì máa ń le sí i bí oòrùn bá ti ga, ìdí mìíràn tí àárọ̀ fi dára jù.

Ní ti omi, ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ wa kẹ̀kẹ́ nínú ooru lè làágùn ju lítà kan lọ láàárín wákàtí kan, inú wa kò sì lè gba ohun tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa ní wákàtí kan náà. Ẹni tí ó bá ní òun yóò mu ún bí òun bá dé ibi tí òun ń lọ ti jẹ gbèsè tí kò ní tètè san tán. Síbẹ̀, omi lásán ní àmujù tún ní ewu tirẹ̀, nítorí pé ó ń mú kí iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ dín kù ju bí ó ṣe yẹ lọ: orí á máa fọ́ ènìyàn, èébì á máa gbé e, ìka ọwọ́ rẹ̀ á wú, òun á sì rò pé òùngbẹ ni, á tún bu omi mìíràn mu. Omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí a ń fún ọmọ tí ó ń ṣu gbuuru kò burú fún wa náà: lítà omi kan, ṣíbí ìmutíì 6 ti ṣúgà àti ìdajì ṣíbí ti iyọ̀, kí ṣíbí má kún ju ètè rẹ̀ lọ. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni gààrí tútù pẹ̀lú ẹ̀pà, ṣúgà àti iyọ̀ díẹ̀. N kò ní fi pààrọ̀ àwọn ìyẹ̀fun olówó gọbọi tí wọ́n ń tà fún àwọn oníkẹ̀kẹ́ ní ìlú òyìnbó. Bí ènìyàn bá tún rí wàrà rà lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní ní ẹ̀bá ọ̀nà, oúnjẹ ọ̀sán ti parí.

Láti Kétu mo gba Covè yọ sí Bohicon, níbi tí mo ti bọ́ sí títì ńlá tí àwọn tírélà tí ń lọ sí àríwá ń gbà. Láti Bohicon sí Ìdáàṣà (Dassa) ju 70 kìlómítà lọ, ara mi sì gbà á láìṣe wàhálà, ohun tí n kò lè dán wò ní ọjọ́ tí mo kúrò ní Àjàṣẹ́. Nígbà tí mo rí àwọn àpáta Ṣábẹ̀ẹ́ lókèèrè, oorun alẹ́ ni mo ń ronú sí, kì í ṣe ooru.

Obìnrin kan láti Ìbàdàn:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrìn. Ẹ ti sọ ti ẹni tí ń bọ̀ láti òkè òkun, ẹ jẹ́ kí n fi ti àwa tí a wà nílé kún un. Èmi tí mo ń jókòó sínú ẹ̀rọ amúlétutù láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, nínú ọ́fíìsì àti nínú ọkọ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju ẹni tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lọ.

Àwa mélòó kan ni a jọ gbéra láti Ìbàdàn, à ń lọ sí Ìlọrin, a gba Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́. Oṣù Kẹta ni, ìgbà tí alẹ́ pàápàá kì í tutù, tí ènìyàn kì í sùn kí ara sì bọ̀ sípò. Lẹ́yìn Ọ̀yọ́, nígbà tí ọ̀sán ti pọ́n, ọ̀kan nínú wa, ẹni tí ó lágbára jù lọ, bẹ̀rẹ̀ sí sọ ìsọkúsọ. A pe orúkọ rẹ̀, kò dáhùn bí ó ṣe yẹ, ara rẹ̀ sì gbóná bí iná. A gbé e sí abẹ́ igi máńgòrò, a bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, a ń da gbogbo omi inú ọ̀rá tí a ní sí i lára, a fi ìborùn mi tí a rẹ sínú omi sí i lọ́rùn àti abíyá, àwọn yòókù sì ń fi páálí fẹ́ ẹ. A kò da omi sí i lẹ́nu nítorí pé ojú rẹ̀ kò wálẹ̀, ó sì lè gbà á sí ẹ̀dọ̀fóró. Nígbà tí a rí ọkọ̀ gbé e dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì sọ pé omi tí a dà sí i lára ni ó ràn án lọ́wọ́ jù, nítorí pé bí ooru inú ara bá ti kọjá 40°C, ọpọlọ kò lè dúró pẹ́ nínú rẹ̀. Ó ti yá báyìí, ó sì tún ti ń gun kẹ̀kẹ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni ìyàwó rẹ̀ sọ fún wa pé ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í sílẹ̀ nínú ọ̀sẹ̀ náà. Láti ìgbà yẹn, kí ẹnikẹ́ni tó gun kẹ̀kẹ́ nínú ẹgbẹ́ wa, a óò bi í bí ibà tàbí ìgbẹ́ gbuuru bá ṣe é láìpẹ́, bóyá ó sùn dáadáa, àti bóyá ó mu ọtí lálẹ́ àná. Àwọn ọkùnrin kì í fẹ́ dáhùn ìbéèrè ti ìkẹyìn yẹn.

Alátùn-únṣe kẹ̀kẹ́ kan ní Ìlọrin:

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọn tí ẹ ń kọjá lọ́dọ̀ mi ni ẹ ń gbé táyà tí kò sí ní ìgbèríko wá. Táyà oní-ínṣì 26 àti ti kẹ̀kẹ́ dúdú àtijọ́ ni ẹ lè rí rà ní ọjà kéékèèké. Táyà tẹ́ẹ́rẹ́ ti ìlú òyìnbó, ẹ gbé túúbù rẹ̀ dání. Sólúṣọ̀n, ìyẹn gọ́ọ̀mù tí a fi ń lẹ túúbù, tí ẹ bá ti ṣí máa ń gbẹ nínú ooru, nítorí náà ẹ ra kékeré méjì dípò ńlá kan. Páàṣì (rọ́bà tí a fi ń lẹ ojú ihò túúbù) tí kò lẹ̀ dáadáa máa ń ṣí bí ẹ bá fi kẹ̀kẹ́ sínú oòrùn gangan, ẹ wá ibòòji fún un bí ẹ ṣe ń wá a fún ara yín. Ní àkókò ọyẹ́, ẹ nu eruku ara ṣéènì kí ẹ tó fi òróró sí i, kí ó sì jẹ́ òróró fẹ́lẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń tú kẹ̀kẹ́ nínú páálí ní pápákọ̀ òfurufú, ẹ rántí pé pẹ́dà apá òsì ń yí sí ìdàkejì. Mo ti rí púpọ̀ tí wọ́n fi ipá bàjẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Lọ́ńdọ̀nù, báwo ni ẹ ṣe ń mú kí omi yín tutù?

Ọmọ Abẹ́òkúta tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù:

Ìbọ̀sẹ̀ òwú tí mo rẹ sínú omi ni mo wọ̀ fún ìgò. Láti Bohicon lọ sókè, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ mú kí ó tutù dé ìwọ̀n tí ó ṣeé mu. Ní Àjàṣẹ́, kò ṣiṣẹ́ rárá.