Ẹ́tánọ́ọ̀lù àti bẹntiróòlù nínú táǹkì kan: ṣé mo ti ba ẹńjìnnì mi jẹ́ ni?

Dẹ́rẹ́bà Tuntun:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìdí ẹńjìnnì. Kò tíì ju oṣù kan lọ tí mo ra mọ́tò àlòkù kan. Ọmọrí táǹkì rẹ̀ pupa rúsúrúsú, wọ́n sì kọ E85 sí i lára, ìyẹn àdàlù epo tí ẹ́tánọ́ọ̀lù (ọtí tí wọ́n ń lò bí epo mọ́tò) pọ̀ nínú rẹ̀ ju bẹntiróòlù lọ. Ẹni tó tà á fún mi ní ó ń mu ẹ́tánọ́ọ̀lù, ó sì ń mu bẹntiróòlù. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tó ku ìdajì táǹkì bẹntiróòlù, mo fi ẹ́tánọ́ọ̀lù kún un, mo wà á délé, kò jìnnà rárá. Nígbà tílẹ̀ mọ́, òtútù mú gan-an, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo yí kọ́kọ́rọ́ kó tó jí, ó sì ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀. Mo tún rí i pé epo ń yára tán. Ọdún mẹ́ta ni mo fi tu owó mọ́tò yìí jọ, ọkàn mi ò balẹ̀ rárá.

Bàbá Mẹkáníìkì:
Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ ò ba nǹkan kan jẹ́. Torí kí wọ́n lè da méjèèjì pọ̀ ni wọ́n ṣe ṣe mọ́tò yẹn.

Ọ̀rọ̀ atẹ́gùn ni. Kílò kan bẹntiróòlù ń fẹ́ nǹkan bíi kílò 14.7 atẹ́gùn kó tó jó tán. Kílò 9 péré ni ẹ́tánọ́ọ̀lù ń fẹ́, torí ọ́síjìn ti wà nínú òun fúnra rẹ̀. Bí atẹ́gùn tó wọlé kò bá yí padà, epo ló gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i. Sẹ́ńsọ̀ tó wà lára sàlẹ́ńsà ló ń yẹ èéfín wò. Bó bá rí i pé ọ́síjìn ṣẹ́ kù jù, á ta kọ̀ǹpútà mọ́tò lólobó, nọ́súlù á wá tú epo pẹ́ díẹ̀ sí i. Àwọn mọ́tò míì ní sẹ́ńsọ̀ lójú páìpù epo gan-an.

Ohun tí ẹ ṣe ni pé ẹ pààrọ̀ epo, ẹ sì páàkì kí kọ̀ǹpútà tó mọ ohun tó ń mu. Lọ́jọ́ míì, ẹ wà á fún bí ogún ìṣẹ́jú kẹ́ ẹ tó pa á. Ti òtútù, ẹ́tánọ́ọ̀lù kì í tètè di oru, bẹ́ẹ̀ oru ni iná plọ́ọ̀gì ń mú. Ní Amẹ́ríkà, ẹ́tánọ́ọ̀lù inú E85 kì í ṣe ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún nígbà gbogbo: ó lè jẹ́ 51 sí 83, wọ́n sì máa ń dín ẹ́tánọ́ọ̀lù rẹ̀ kù nígbà òtútù.

Ìrèké Dùn:
Ẹ kú àlàyé, bàbá. Ti epo tó ń yára tán, agbára lítà ẹ́tánọ́ọ̀lù kan kò ju nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ti bẹntiróòlù lọ. Ní Bràsíl, níbi tí wọ́n ti ń fi ìrèké ṣe é, tí Volkswagen sì ti gbé mọ́tò Gol tó ń mu méjèèjì jáde lọ́dún 2003, àwọn awakọ̀ mọ ìṣirò yìí lórí: bí owó ẹ́tánọ́ọ̀lù bá ti ju ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún owó bẹntiróòlù lọ, bẹntiróòlù ni wọ́n ń rà.

Dẹ́rẹ́bà Tuntun:
Ẹ ṣeun, bàbá mi. Mo wà á yí ká fún ogún ìṣẹ́jú lálẹ́ àná. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo yí kọ́kọ́rọ́ láàárọ̀ yìí.

Alásọyé:
Bàbá, tèmi kò ní àmì kankan lára. Ṣé mo lè da E85 sí i?

Bàbá Mẹkáníìkì:
Ẹ má dán an wò, mo bẹ̀ yín. Ẹ́tánọ́ọ̀lù díẹ̀, bí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, kì í ṣe mọ́tò òde òní ní nǹkan. E85 kì í ṣe ẹgbẹ́ ìyẹn. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n wọ́ mọ́tò bẹntiróòlù kan wá bá mi, ẹni tó ni ín ti ń da E85 sí i fún oṣù mélòó kan. Mo fa họ́ọ̀sì epo rẹ̀ yọ, rọ́bà náà ti wú. Mo fi èékánná tẹ̀ ẹ́, ojú èékánná dúró síbẹ̀. Fíltà ńkọ́? Ó dúdú kirikiri, torí ẹ́tánọ́ọ̀lù ti họ gbogbo ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ táǹkì, ó kó o wá síbẹ̀. Nọ́súlù rẹ̀ kò sì lè tú epo tó tó, iná ẹńjìnnì kò kú lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Họ́ọ̀sì, fíltà àti pọ́ǹpù ni mo pààrọ̀.

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn táǹkì yín, kẹ́ ẹ ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Bẹ́ ẹ ò bá rí E85, ẹ ka ìwé mọ́tò náà kẹ́ ẹ tó ra lítà kan.