Kóòdù ilẹ̀kùn ọkọ̀ bàbá mi: ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Òkè-Àdó ní Ìbàdàn ni mo ń gbé. Ford Explorer ti ọdún 2000 ni bàbá mi ń wà títí ọlọ́jọ́ fi dé, àwọn ẹ̀gbọ́n mi sì ní kí èmi máa lò ó. Bọ́tìnì márùn-ún wà lára ilẹ̀kùn awakọ̀: 1-2, 3-4, 5-6, 7-8, 9-0. Bàbá nìkan ló mọ nọ́ńbà rẹ̀. Bó bá di ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n á fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ sínú ọkọ̀, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á mú tẹ̀sùbáà nìkan dání wọ mọ́sálásí Ọjà'ba lọ. Bí wọ́n bá jáde, àtàǹpàkò ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, wéré wéré, ilẹ̀kùn á dún "kọ́". Kò sẹ́ni tó rántí bi wọ́n nínú wa.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo bọ́ sílẹ̀ ní Challenge láti ra búrẹ́dì. Kí n tó yíjú padà, ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́ta ti tẹ ibi tó ń ti ilẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́ sì wà nínú. Oòrùn ọ̀sán gangan. Mò ń rí i tí ẹnu rẹ̀ ń pe "Mọ́mì" lẹ́yìn gíláàsì, mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ bá mi ṣí i. Títí di ìsinsìnyí, ara mi ò tíì balẹ̀.

Rewáyà kan, ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, ní àfi kí n pààrọ̀ brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ọkọ̀. Owó tó pè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ilé-ìwé ọmọ náà. Mo ti tú gbogbo ìwé ọkọ̀, mi ò rí káàdì kankan tí wọ́n kọ nọ́ńbà náà sí. Oòrùn ti bọ́ àwọ̀ orí àwọn bọ́tìnì náà bákan náà, n ò lè fi ìyẹn mọ èyí tí wọ́n máa ń tẹ̀. Ṣé kí n máa dán an wò lọ́kọ̀ọ̀kan ni?

Ìyá Ìbejì: Ọlọ́run ṣeun tó yọ ọmọ náà o! Lónìí olónìí, lọ gé kọ́kọ́rọ́ kejì, kó o fi sínú báàgì. Èyí tí kò ní ṣíìpù tí ọkọ̀ fi ń dá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ̀ nínú ò ní lè sítáàtì ọkọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n yóò ṣí ilẹ̀kùn. Ìyẹn lo nílò ná.

Rewáyà Àgódi Gate: Ẹ má pààrọ̀ nǹkan kan, mà. Ẹ má sì dán an wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà 3,125 ló wà. Bẹ́ ẹ bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀méje léraléra, àwọn bọ́tìnì náà yóò kú fún ìṣẹ́jú kan. Kóòdù tí ilé iṣẹ́ fi sí i kì í parẹ́, kódà bí bàbá bá fi tiwọn kún un. Ẹ ṣí búùtù, ẹ wo apá ọ̀tún níbi tí wọ́n ń tọ́jú jáàkì sí, ẹ yọ ìdérí rẹ̀. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì àti dígí kékeré wo inú lọ́hùn-ún. Àpótí kan wà níbẹ̀ tó ń darí ilẹ̀kùn, bébà funfun wà lára rẹ̀ tí nọ́ńbà márùn-ún wà níbẹ̀. Ẹ má ya fọ́tò rẹ̀ síbí o.

Bọ̀dá Mọ́kọ́lá: Òótọ́ ni. Èmi rò pé áláàmù tí wọ́n fi kún un lẹ́yìn ni, àṣé Ford ti ń ṣe bọ́tìnì yìí láti ọdún 1980. Lára tèmi tó jẹ́ tuntun, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ka kóòdù náà jáde.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an. Ẹnì kan ti kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀ pé kí n fi nọ́ńbà ṣáásì àti owó díẹ̀ ránṣẹ́, òun á bá mi wá a.

Ìyá Ìbejì: Má dá a lóhùn! Ẹni tó bá mọ kóòdù yẹn lè ṣí ọkọ̀ rẹ nígbàkígbà.

Ẹni tó béèrè: Mo ti rí i! Dígí tí mo fi ń kun tìróò ni mo tì bọ inú ihò yẹn. Eruku bo bébà náà, mo fi etí aṣọ nù ún, nọ́ńbà márùn-ún yọ. Mo tẹ̀ ẹ́, ó dún "kọ́" bó ṣe máa ń dún. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún.

Rewáyà Àgódi Gate: Ẹ kú oríire, mà. Bẹ́ ẹ bá ṣí i tán, ẹ tètè tẹ 3-4, àwọn ilẹ̀kùn yòókù á ṣí. Bẹ́ ẹ bá tẹ 7-8 àti 9-0 pọ̀, gbogbo rẹ̀ á tì. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ fi tiyín sí i, ẹ tẹ ti ilé iṣẹ́, ẹ tẹ 1-2 kí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún tó pé, kẹ́ ẹ wá tẹ nọ́ńbà tiyín. Tiyín ni yóò gba ipò ti bàbá.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé, bọ̀dá mi. Ti ilé iṣẹ́ ni n ó máa lò. Mi ò mọ nọ́ńbà tí Bàbá fi síbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì wà nínú ọkọ̀ yẹn. Mi ò ní pa á rẹ́.