“Òǹpìtàn-gbajúmọ̀” kẹ̀?

Ẹ̀yin àgbà èdè, mo ka ohun tí ẹ túmọ̀ láti èdè Gẹ̀ẹ́sì nípa Spencer Walpole (1839–1907): “Òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni, ó ṣe igbákejì gómìnà, ó ṣe akọ̀wé ní ilé ìfìwéránṣẹ́, ó sì jẹ́ òǹpìtàn-gbajúmọ̀.” Ẹ kú iṣẹ́, àmọ́ ó há mi lọ́fun.

Òǹ- yẹn ná. Inú gbólóhùn yẹn kan náà lẹ ti kọ òṣìṣẹ́. Kí ló dé tí ẹ ò kọ òǹṣìṣẹ́? Ò, pa, ìtàn: òpìtàn. Ẹni tó ń pa irọ́ pàápàá, òpùrọ́ là ń pè é. Ẹ má sì fi òǹkọ̀wé àti òǹtajà dá mi lóhùn. Ìyẹn lọ́nà tirẹ̀.

Gbajúmọ̀ ńkọ́? Ẹni tí igba ojú mọ̀ ni. Ẹ ní òpìtàn-gbajúmọ̀, olókìkí tó ń náwó lóde ijó ni mo gbọ́. Ẹni tó ń kọ ìtàn fún ará ilé àti ará ọjà lẹ ń wá, kì í ṣe fún àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan. Walpole fúnra rẹ̀ kò lọ yunifásítì: ó kúrò ní ilé ìwé Eton, ó di akọ̀wé kékeré ní ọ́fíìsì ọ̀rọ̀ ogun ní 1858. Ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ ìjọba ló ti kọ ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1815, ìdìpọ̀ márùn-ún, láàrin 1878 sí 1886. Òpìtàn tẹrútọmọ ni èmi yóò kọ.

Ẹni tó dábàá pé kí a kọ arókin dípò òǹpìtàn-gbajúmọ̀, ó dùn létí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìtàn gan-an niṣẹ́ arókin láàfin Ọ̀yọ́, ìdílé ló sì ń jẹ ẹ́. Owó ìtàn kọ́ ni ìjọba ń san fún Walpole.

Wọ́n ń sanwó fún un nítorí ẹja, èyí tí ẹ gbàgbé pátápátá! Láti 1867 títí di 1882, òun ni wọ́n ń rán lọ wo odò kiri, òun àti Frank Buckland, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú iṣẹ́ náà, títí Buckland fi kú ní 1880: bóyá ìsédò ń dínà mọ́ ẹja sámọ́nì tó ń gòkè lọ yé, bóyá wọ́n ń dẹ àwọ̀n lásìkò tí òfin ní kí wọ́n fi ẹja sílẹ̀. Wodò-wodò ni mo pe ìyẹn. Ṣebí a ní wolé-wolé tẹ́lẹ̀? Wo ilé, wolé; wo odò, wodò. Kò sóhun tó ṣe é.

“Akọ̀wé ní ilé ìfìwéránṣẹ́” yín burú jù. Ẹni tó bá kà á yóò rò pé sítáàǹbù ló ń tà. Láti 1893 sí 1899, mínísítà nìkan ló jù ú lọ níbẹ̀. Akọ̀wé àgbà ni, bí a ṣe ń pè é ní ìpínlẹ̀ wa.

Igbákejì gómìnà, igbákejì ta ni? Ní Erékùṣù Man, tó wà nínú òkun láàrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland, níbi tó ti ṣe iṣẹ́ náà láti 1882 sí 1893, kò sí gómìnà kankan lórí rẹ̀. Ọbabìnrin Victoria ló jókòó fún. Ẹni tí ọba fi sí ìlú mìíràn láti máa bá a mójú tó o ní orúkọ lọ́dọ̀ wa: ajẹ́lẹ̀. Mo mọ̀ pé ará Èkìtì á fajú ro, nítorí ohun tí ojú wọn rí lọ́wọ́ ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn. Kí wọ́n mú òmíràn wá nígbà náà, kó ṣáà má ti jẹ́ igbákejì.