Kẹ̀kẹ́ àfìrìn, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ gbígbẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Orúkọ méjì ló ti wà nílẹ̀ fún kẹ̀kẹ́ eré ìdárayá táwọn kan mọ̀ sí Trikke, èyí tí ènìyàn ń dúró lé lórí, tó ń tẹ̀ sọ́tùn-ún, tó ń tẹ̀ sósì kó tó máa lọ. Ẹnìkan ní ká pè é ní "kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta". Ẹlòmíràn tẹ̀ lé Gẹ̀ẹ́sì, ó ní "kẹ̀kẹ́ gbígbẹ́", torí pé carving ni wọ́n ń pe ìrìn rẹ̀. Mi ò fara mọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì, ìdí mi sì ju ti ẹwà ọ̀rọ̀ lọ: ẹni tó bá fi orúkọ tí kò tọ́ wọ ọjà, nǹkan mìíràn ni yóò rà bọ̀.

N'Ìbàdàn yìí, bí o bá ti sọ pé kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, Maruwa ni gbogbo ayé ń rí lọ́kàn. Orúkọ náà ti lólóhun. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kò ya nǹkan mẹ́ta tí wọ́n jọ ń tà sọ́tọ̀: èyí tí ọmọdé ń fẹsẹ̀ tari, tó ní táyà méjì níwájú, èyí tí pátákó ìtẹ̀sẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń yà síra tó tún ń padé bí èèyàn ṣe ń ya ẹsẹ̀ tó ń pa á dé, àti èyí tí à ń sọ yìí. Gbogbo wọn ló ní ẹsẹ̀ mẹ́ta.

Ti gbígbẹ́ tún burú jù. Gbẹ́ ni iṣẹ́ agbẹ́gilére, ohun mímú ló ń mú nǹkan kúrò lára igi. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi pátákó yọ̀ lórí yìnyín ni carving ti wá, nítorí etí pátákó wọn máa ń jẹ inú yìnyín bí wọ́n bá ń yí. Táyà kì í jẹ ọ̀dà títì.

Ẹ wo bó ṣe ń rìn gan-an. Igi ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí táyà kan níwájú. Apá méjì ya láti ìdí igi náà lọ sẹ́yìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní táyà àti pátákó ìtẹ̀sẹ̀ tirẹ̀. Ẹni tó ń gùn ún á gbé ẹsẹ̀ kan lé pátákó, á fi èkejì tari ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, á wá gbé òun náà sókè. Láti ìgbà yẹn, ẹsẹ̀ kò kan ilẹ̀ mọ́. Á yí ọwọ́ sọ́tùn-ún, á da igi ọwọ́ àti ara sọ́tùn-ún pẹ̀lú. Kí ìyípo yẹn tó parí, á yí i sósì, á tẹ̀ sósì. Bí ara ṣe ń wọnú ìyípo kọ̀ọ̀kan ló ń di eré. Ẹni tó bá yí ọwọ́ láì tẹ̀, kẹ̀kẹ́ á kú mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ọmọdé tó wà lórí jangilọ́fà ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀, kíká àti nínà ara ló ń gbé e lọ. Fì ni Yorùbá ń pe ìyẹn.

Nítorí náà, àfìrìn ni mo fara mọ́: ohun tí a ń fì kó tó rìn, bí àtẹ̀gùn ṣe jẹ́ ohun tí a ń tẹ̀ kí a tó gùn. Ẹ má fi a- olóhùn àárín bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, torí ohun tó ń dá ṣe nǹkan ni ìyẹn máa ń sọ. Amúlétutù fúnra rẹ̀ ló ń mú ilé tutù. Kẹ̀kẹ́ yìí kò lè dá fì. Ohùn fì náà ṣe pàtàkì, torí bí a bá kọ ọ́ ní "àfirìn", ọ̀pá arọ ni èèyàn máa rò. Wọ́n lè ní fì ń dẹ́rù bani, pé dùgbẹ̀dùgbẹ̀ ló ń fì lókè. Rìn tó tẹ̀ lé e ti fi hàn pé fífì yìí ní ibi tó ń lọ. Àdúrógùn lè dúró fún gbogbo irú scooter pátá, kí àfìrìn jẹ́ ẹ̀yà kan nínú rẹ̀.

Trikke ńkọ́? Orúkọ ilé-iṣẹ́ ni. Gildo Beleski, ọmọ Brazil, ló hùmọ̀ kẹ̀kẹ́ náà, ìwé ìròyìn Time sì kà á mọ́ àwọn ìhùmọ̀ tó ta yọ ní 2002. Lóòótọ́, orúkọ ilé-iṣẹ́ lè di ti gbogbogbòò, bí ọkadà ṣe wá láti ara Okada Air. Àmọ́ lẹ́nu wa, Trikke kò yàtọ̀ sí trike tí wọ́n gé kúrò lára tricycle, a ó sì tún padà sídìí Maruwa.

Orúkọ àfìrìn fúnra rẹ̀ ni ìdánwò lọ́jà. Gbé kẹ̀kẹ́ náà sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, di ọwọ́ rẹ̀ mú, da igi náà sọ́tùn-ún, dà á sósì. Táyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ síbẹ̀, kí apá ẹ̀yìn méjèèjì máa tẹ̀ lé igi ọwọ́. Bí táyà ẹ̀yìn kan bá gbéra, kì í ṣe àfìrìn. Wo oríkèé tó so apá mọ́ igi: bí bóòtù rẹ̀ bá rọ̀, kẹ̀kẹ́ á máa gbọ̀n, bí wọ́n bá fún un jù, apá kò ní tẹ̀, ẹni tó ń gùn ún á kàn máa ṣe wàhálà lásán.

Táyà ló yẹ kó gba àkókò yín jù. Èyí tó jẹ́ rọ́bà líle kéékèèké dára lórí kọnkéré tó jọ̀lọ̀. Lórí interlock àti ọ̀dà tó ti ṣí, yóò máa gbọ̀n ọwọ́ àti orúnkún, òkúta kékeré kan sì lè dá a dúró lójijì. Táyà alátẹ́gùn ló bá títì wa mu. Ìwọ̀n atẹ́gùn tó yẹ wà lára táyà náà; bó bá dín, táyà á gba agbára tó yẹ kó di eré, á sì tètè jò bó bá bọ́ sí kòtò. Rí i pé fáàfù rẹ̀ jẹ́ irú ti mọ́tò, kí póǹpù ẹnikẹ́ni lè wọ̀ ọ́. Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí fọkanáísà fi ẹ̀rọ ńlá fẹ́ ẹ: túùbù náà kéré, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni yóò fi kọjá ìwọ̀n, á sì bẹ́. Póǹpù ọwọ́ ti tó.

Bíréèkì méjì ló yẹ kó ní, ọ̀kan fún táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan, kí a sì máa fún méjèèjì pọ̀. Ẹ ka ìwọ̀n ara tó lè gbé. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà kó wà láàárín ìbàdí sí ìdodo ẹni tó ń gùn ún.

Ibi tí a ó ti gùn ún ń fẹ́ fífẹ̀, nítorí ọ̀nà rẹ̀ kì í tọ́. Òwúrọ̀ kùtù nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn dára, kì í ṣe àárín àwọn takisí Máíkírà. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Mápó kì í ṣe ibi ìkọ́ṣẹ́: gígun òkè rẹ̀ ń pa èèyàn, sísọ̀ rẹ̀ ń fẹ́ ẹni tó ti mọ bíréèkì lò. Lẹ́yìn òjò, iyanrìn tó ṣàn sí títì ni kí ẹ ṣọ́ra fún, torí ibi tí a bá ti tẹ̀ ni táyà ti ń yọ̀. Akoto kò ṣeé fi sílẹ̀.

Èyí tó ní bátìrì, àfìrìn oníná ni kó máa jẹ́. Ó wúwo ju aláìníná lọ, ẹ̀rọ iná rẹ̀ sì ń gba nínú iṣẹ́ tó yẹ kí ara ṣe, nítorí náà ẹni tó bá jẹ́ pé ìdárayá ló ń wá, aláìníná ni kó rà.